Wágọ̀n Oní-dísù: Ta Ló Yẹ Kó Rà Á, Ta Ló Yẹ Kó Sá Fún Un?

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń wò lára ọkọ̀ àlòkù ni iye máìlì tó ti rìn. Bí 150,000 bá hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, a ó mirí, a ó ní ọkọ̀ náà ti gbó, a ó sì kọjá sídìí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò tíì ju 60,000 lọ. Tó bá jẹ́ wágọ̀n oní-dísù la wá rà, ìwò yẹn lè ṣì wá lọ́nà. Èyí tó rin 150,000 láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Leeds, lọ́wọ́ ẹni tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ń bá a pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, lè ṣì ní ọdún mẹ́wàá nílẹ̀. Èyí tó rin 60,000 láàárín ilé, ilé ìwé ọmọ àti ọjà, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í tíì gbóná tán kí wọ́n tó pa á, ìyẹn gan-an ló yẹ kí á bẹ̀rù.

Ní Ìlú Ọba, ẹnikẹ́ni lè wo ìtàn àyẹ̀wò MOT ọkọ̀ lórí ìkànnì ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ nìkan ni wọn ó béèrè. Láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń kọ máìlì rẹ̀ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ má jókòó ti àròpọ̀ rẹ̀; ẹ yọ ti èṣí kúrò nínú ti ọdún yìí. Ọkọ̀ dísù tó ń rin 15,000 lọ́dún, ọ̀nà márosẹ̀ ló ń gbé. Èyí tó ń rin 3,000, àdúgbò ló ń yí ká, a ó sì rí ohun tí àdúgbò ń ṣe fún un tó bá yá.

Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Ọ̀nà jíjìn ni wágọ̀n oní-dísù mọ̀. Ẹni tó ní ọ̀nà jíjìn láti rìn, tó sì ní ẹbí àti ẹrù, mi ò tíì rí ọkọ̀ tó lè bá a dàgbà jù ú lọ. Ẹni tí kò ní in, bó ti wù kó tọ́jú ẹ̀ tó, owó ni yóò máa fi bọ́ ọ.

Ẹrù ló so Yorùbá mọ́ wágọ̀n. Ẹ dúró síwájú gbọ̀ngàn àríyá kan ní Old Kent Road tàbí Dagenham lọ́sàn-án Sátidé, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń já oúnjẹ. Ẹni tó gbé jíìpù wá á wá ọkùnrin méjì tí yóò gbé kúlà ìrẹsì ré kọjá ètè búùtù tó ga dé ìbàdí. Ti wágọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju orúnkún lọ, inú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, tó fi jẹ́ pé ìyá kan ṣoṣo lè wọ́ kúlà náà wá sí etí kó tó pariwo pé kí wọ́n wá bá òun sọ̀ ọ́. Lẹ́yìn kúlà ni abọ́ mọ́ínmọ́ín, lẹ́yìn mọ́ínmọ́ín ni páálí ohun mímu, kẹ̀kẹ́ ọmọ àti báàgì aṣọ ẹbí. Búùtù wágọ̀n Skoda Superb tó jáde ní 2015 gba lítà 660. Ti Mercedes E-Class tí wọ́n ṣe láàárín 2009 sí 2016 gba 695, bí ẹ bá sì ṣẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lulẹ̀, ó di 1,950. Ọ̀pọ̀ jíìpù tó gbówó lórí jù wọ́n lọ kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Gíga ni wọ́n fi ń ṣe fọ́ńté. Nínú Mercedes wágọ̀n àtijọ́, wọ́n tilẹ̀ lè fi ìlà ìjókòó kẹta sínú búùtù, èyí tó kọjú sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ló máa ń jà sí i, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè máa yọ ahọ́n sí ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀ lẹ́yìn.

A sì ti mọ wágọ̀n tipẹ́ kí á tó dé Ìlú Ọba. Píjò 504 jáde ní Faransé ní 1968, wágọ̀n rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1971, nígbà tó sì di 1975, wọ́n ti ń to 504 pọ̀ ní Kàdúná. Wágọ̀n náà gùn ju 504 lásán lọ. Ìlà ìjókòó mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, sípírìǹgì mẹ́rin ni wọ́n sì fi gbé ẹ̀yìn rẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ìdí nìyẹn tó fi lè kó èrò àti ẹrù láti Ìbàdàn dé Kánò kí ìdí rẹ̀ má wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù ni èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa ń mu, kò sì ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Títí di oṣù karùn-ún 2023 ni ìjọba ń san lára owó bẹntiróòlù fún aráàlú. Dísù ti bọ́ sọ́wọ́ ọjà tipẹ́tipẹ́. Ní àárín 2022, lítà dísù kan ti kọjá ₦700 nígbà tí iye tí ìjọba fi lé bẹntiróòlù kò tó ₦200. Ta ni yóò fi dísù gbé ọmọ lọ síléèwé? Tírélà àti jẹnẹrétọ̀ la fi í sílẹ̀ fún.

Ẹ sọdá ẹnubodè Ìdìrókò sí orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìjọba Faransé kì í gba owó orí lórí dísù tó ti bẹntiróòlù, nítorí náà àwọn Faransé ra Píjò oní-dísù lọ́pọ̀lọpọ̀, nígbà tí wọ́n sì lò ó sú, Kútọnu ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí. Ní ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Pobẹ̀ àti Kétu, wágọ̀n 504 àti 505 tó ń mu dísù, tí wọ́n ń pè ní gásóìlì níbẹ̀, ló gbé àwọn ará wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Agbára ẹṣin 70 péré ni ẹ́ńjìnì lítà 2.3 yẹn ní. Kò lè sáré, bó bá sì dé orí òkè, ẹ̀mí sùúrù ni. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ igi pẹ̀lú sípánà díẹ̀ lè tú u palẹ̀, kó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Irú ọkọ̀ báyìí ló sọ dísù di olórúkọ. Mercedes ni wọ́n kọ́kọ́ ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oní-dísù fún gbogbo ènìyàn, 260 D ti 1936. Ní 1978 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta wágọ̀n W123, tí 240 TD àti 300 TD inú rẹ̀ jẹ́ oní-dísù. Awakọ̀ takisí kan wà ní Gíríìsì, Gregorios Sachinidis, tó rin kìlómítà mílíọ̀nù 4.6 pẹ̀lú 240 D rẹ̀ ti 1976 kó tó fi í ta ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Mercedes lọ́rẹ ní 2004. Àwọn olólùfẹ́ dísù kì í dákẹ́ lórí ìtàn yẹn. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ju ẹ́ńjìnì kan lọ ló lò. Bí ọ̀kan bá ti rẹ̀ ẹ́, á gbé e jáde, á tún un ṣe, á gbé òmíràn sí i. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà fún ẹni tó fẹ́ lo ọkọ̀ pẹ́. Gbogbo ọkọ̀ ló ń bàjẹ́. Èyí tó ṣeé tún ṣe lówó tó mọ níwọ̀n ló ń dàgbà.

Kí ló ń mú ẹ́ńjìnì dísù fúnra rẹ̀ pẹ́? Kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná débi pé bí dísù bá ti kàn án, á gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí ìfúnpọ̀ yìí, irin rẹ̀ ní láti nípọn, kó sì wúwo. Ó tún máa ń yí jẹ́jẹ́: ní 70 máìlì ní wákàtí kan lórí ọ̀nà márosẹ̀, ẹ́ńjìnì dísù lítà méjì lè máa yí bí ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, níbi tí bẹntiróòlù kékeré ti lè kọjá 3,000. Ohun tí kò bá yí púpọ̀ kì í tètè jẹ.

Èyí kò tíì yí padà. Ohun tó yí padà ni àwọn nǹkan tí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnì náà lára. Ní 1989 Audi gbé 100 TDI jáde, tọ́bò sì wọ ilé ẹbí. Ní 1997 Alfa Romeo 156 kọ́kọ́ lo ètò tí gbogbo dísù ń lò lónìí, tí pọ́ǹpù kan ń ti epo sínú páìpù kan ṣoṣo tó ń pín in fún gbogbo nọ́súlù, agbára ìtì náà sì ju 1,300 bar lọ. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà ọkọ̀ yín, bóyá 2.5 ni. Dísù wá dákẹ́ ariwo, ó ń sáré, máìlì 50 lórí gálọ́ọ̀nù kan kò sì ṣòro fún wágọ̀n tó kún fún èrò. Ṣùgbọ́n nọ́súlù tó ń gba irú agbára bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ rí omi tàbí ìdọ̀tí sójú. Bó bá bàjẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sípánà mọ́.

Lẹ́yìn náà ni asẹ́ èéfín dé, èyí tí gbogbo mẹkáníìkì ń pè ní DPF. Peugeot 607 ti ọdún 2000 ni àkọ́kọ́ tó bá a jáde láti iléeṣẹ́. Láti oṣù kìíní 2011, ọkọ̀ tuntun tí kò bá kún ojú ìwọ̀n èéfín tí wọ́n ń pè ní Euro 5 kò ṣeé tà ní Yúróòpù mọ́, kò sì sí bí dísù ṣe lè kún un láìní asẹ́. Ibí yìí ni àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ lo wágọ̀n fún ọdún mẹ́wàá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wò ó.

Asẹ́ náà wà lábẹ́ ọkọ̀, nínú páìpù èéfín. Ó ń gba dúdú èéfín dúró kó má bàa jáde sáfẹ́fẹ́. Bí dúdú náà bá ti ń pọ̀, ó ní láti jó kúrò, kó tó sì lè jó, èéfín inú rẹ̀ ní láti gbóná tó nǹkan bí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lórí ọ̀nà márosẹ̀, èyí lè ṣẹlẹ̀ kí awakọ̀ má tilẹ̀ mọ̀. Nínú ìlú, kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á da dísù díẹ̀ sí i láti fi kó iná sí asẹ́ náà nídìí. Iṣẹ́ yìí ń gba bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ní ìṣẹ́jú kẹrin tí ẹ pa ẹ́ńjìnì, ó ti dá a dúró sí àárín. Dúdú ṣì wà nínú asẹ́, díẹ̀ nínú dísù tí kò jó á sì yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ pístìnì sọ̀kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́la. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́tùn-únla.

Ọkọ̀ náà kì í fi í pamọ́ fún ẹni tó bá mọ àmì rẹ̀. Ẹ páàkì, ẹ pa á, fáànù iwájú ṣì ń pariwo bí ẹni pé inú oòrùn Sókótó lẹ ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ òjò winniwinni oṣù kejì ló ń rọ̀. Òórùn irin gbígbóná ń ti abẹ́ ọkọ̀ wá. Kó tó di pé ẹ pa á, abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì ti gòkè díẹ̀ ju bó ti ń wà tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnì náà ò sì gbà láti kú fúnra rẹ̀ ní iná pupa bó ti máa ń ṣe. Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹ má pa òun. Ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ á yí padà sí títì, á wà á fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìwọ̀n tó ju 40 máìlì lọ, gbogbo rẹ̀ á sì rọlẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́, nígbà tó bá fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde, á rí i pé ọ́ìlì ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín, á sì rò pé ire ni. Dísù ló wọ inú rẹ̀. Ọ́ìlì tí dísù ti là kò lè dáàbò bo tọ́bò.

Bí asẹ́ náà bá dí pátá, fífọ̀ rẹ̀ lówó lórí, títún un rà lówó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Lórí ọkọ̀ tó ti pẹ́, ó lè sún mọ́ iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó. Ìgbà náà ni ẹnì kan á wá yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún yín pé òun lè tú u, kó inú rẹ̀ jáde, kó sì tan kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má gbà. Láti oṣù kejì 2014, ọkọ̀ tó yẹ kó ní asẹ́ tí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti yọ ọ́ kò lè yege MOT, ó sì lòdì sófin láti máa wà á lójú títì. Kódà bí ojú aláyẹ̀wò bá fò ó, dúdú tí ẹ tú sílẹ̀ ń lọ sínú imú àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Àwọn ìnáwó tó kù kò le tó bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Bẹ́líìtì tó ń yí fáàfù ní ọjọ́ orí tiẹ̀ nínú ìwé ọkọ̀. Bó bá já, fáàfù àti pístìnì á lura, ẹ́ńjìnì sì ti lọ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù omi lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí iṣẹ́ títú kan náà ni. EGR, fáàfù tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnì, á hu èédú nínú bí ìkòkò ìdáná, pàápàá fún awakọ̀ inú ìlú. Irin wúwo tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti kílọ́ọ̀ṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í lu bàtá lọ́jọ́ kan, ẹ ó sì san owó òun àti kílọ́ọ̀ṣì pọ̀. Àwọn ẹ́ńjìnì kan tún ní àléébù àbínibí tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀. 1.6 HDi tí Peugeot àti Ford jọ lò kì í fẹ́ kí ọ́ìlì rẹ̀ pẹ́ nínú: ẹrẹ̀ ọ́ìlì á dí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bọ́ tọ́bò, tọ́bò á sì jó. N47 tí BMW bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2007, ṣéènì rẹ̀ wà lẹ́yìn, níhà jíà, kò sì ṣeé fọwọ́ kàn láì kọ́kọ́ sọ nǹkan ńlá kalẹ̀.

Ọ́ìlì ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì nínú gbogbo èyí. Àwọn iléeṣẹ́ kan fọwọ́ sí i pé kí á wa ọkọ̀ fún bíi máìlì 18,000 kí á tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹni tó gba ọkọ̀ fún ọdún mẹ́ta tí yóò dá a padà ni ìyẹn wúlò fún. Ẹni tó fẹ́ lò ó fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní 10,000 tàbí lọ́dọọdún, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, kí ó sì jẹ́ irú tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ. Ti ẹbí Volkswagen, 507 00 ni wọ́n ń kọ sára kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí kì í ṣe fáàrí. Ọ́ìlì tí kò yẹ máa ń jó di eérú nínú asẹ́, eérú kì í sì í jó mọ́.

Dísù Euro 6 fi AdBlue kún un, omi tí ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ yúríà, ohun kan náà tí àgbẹ̀ ń dà sídìí àgbàdo. Ó ń pa gáàsì olóró inú èéfín. Bó bá tán, ọkọ̀ kò ní gbà láti tún jí. Omi náà kò wọ́n, ṣùgbọ́n táǹkì àti pọ́ǹpù rẹ̀ wọ́n gidi bí wọ́n bá kọṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì wá ńkọ́? Lábẹ́ àwọn afárá rélùwéè ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, a ní àwọn ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ dójú àmì, a sì ní àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀ nìkan ni wọ́n gbójú lé. Ẹ̀rọ yẹn á sọ ẹni tó ń ké, kò ní sọ ẹni tó gbá a létí. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ sọ pé asẹ́ ti dí, ẹ bi wọ́n pé kí ló dí i. Tọ́bò tó ń jò ọ́ìlì ni, àbí nọ́súlù tó ń da epo jù, àbí ìrìn ọ̀nà kúkúrú? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín padà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ìjọba ni ó ti ẹbí Ìlú Ọba sínú dísù. Ní oṣù kẹta 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èéfín CO2 díwọ̀n owó orí ọkọ̀ tuntun. Dísù kì í tú CO2 tó bẹntiróòlù, gbogbo ayé sì sá tẹ̀ lé e, tó fi jẹ́ pé nígbà tó di 2012, dísù ti ju ìdajì lọ nínú ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà. Wágọ̀n tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú oṣù kẹrin 2017, tí kò sì tú ju gíráàmù 100 lọ ní kìlómítà kan, kò san kọ́bọ̀ owó orí títí di oṣù kẹrin 2025, tí wọ́n fi £20 lé e. Ohun tí òṣùwọ̀n yẹn kò kà ni gáàsì naitirójìn àti dúdú èéfín. Ní 2012 ni ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé èéfín dísù ń fa àrùn náà. Ní 2013 ni Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kú sí ikọ́ fée ní Lewisham, nítòsí títì South Circular. Ní oṣù kejìlá 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú rẹ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí wà lára ohun tó pa á. Àdúgbò wa ni. Ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá ló ń gba títì yẹn kọjá lójoojúmọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án 2015 ni àṣírí Volkswagen tú ní Amẹ́ríkà: kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀, á sì ṣe bí ọmọlúàbí títí wọn ó fi parí. Ọkọ̀ mílíọ̀nù 11 ni ọ̀rọ̀ náà kàn káàkiri ayé. Wágọ̀n Jetta SportWagen TDI, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba wágọ̀n oní-dísù tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, wà lára rẹ̀, àwọn tó ni ín sì láǹfààní láti dá a padà gba owó. Ní England àti Wales, ọdún 2022 ni Volkswagen tó gbà láti san £193 mílíọ̀nù fún nǹkan bí 91,000 ènìyàn tó pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ìyà tó wá jẹ olówó kékeré jù ni ULEZ, agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò mọ́ tó ti ń sanwó. Ó bẹ̀rẹ̀ láàárín Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹrin 2019, ó fẹ̀ dé North àti South Circular ní 2021, ó sì gba gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ní 29 oṣù kẹjọ 2023. Dísù tí kò bá dé Euro 6 ń san £12.50 lójúmọ́. Bẹntiróòlù Euro 4, tó lè jẹ́ ọkọ̀ 2006, ń kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni pé wágọ̀n oní-dísù ọdún 2014, tí àárín rẹ̀ ṣì mọ́, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì le bí òkúta, di ohun tí olówó rẹ̀ kò lè fi lọ ra búrẹ́dì. Wọ́n fún ará Lọ́ńdọ̀nù tó bá fọ́ tirẹ̀ ní £2,000, ètò náà sì ti parí ní 2024. Mo gbà pé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ mọ́. Mo ṣì ní ìjọba tó fi ìdáríjì owó orí fa ènìyàn wọlé kò yẹ kó fi ìtanràn tì í jáde ní kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan á ní: ṣebí kí á gbé e lọ sílé? Kò rọrùn. Láti 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti kó lọ sí apá ọ̀tún títì, ọkọ̀ tí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ wà lọ́tùn-ún kò sì tọ́ láti kó wọlé. Èyí tó ti Belgium tàbí Jámánì wá ló ṣeé lò, ẹni tó sì fẹ́ gbà á ní Kútọnu kó tó gba ẹnubodè wọlé, ìjọba ti fòfin de ìyẹn láti oṣù kìíní 2017. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ epo. Imí ọjọ́ inú dísù Yúróòpù kò gbọ́dọ̀ ju 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ti Nàìjíríà ti lè tó 3,000 rí, kí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó fẹnu kò lórí 50. Imí ọjọ́ ń ba asẹ́ èéfín àti EGR jẹ́. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lo wágọ̀n oní-dísù nílé, kí ó wá èyí tó ti pẹ́ tó débi pé kò ní asẹ́, kí ó sì máa pààrọ̀ fíítà epo rẹ̀ lemọ́lemọ́.

Irú rẹ̀ tuntun ń tán lọ. Ford ti dá Mondeo dúró ní 2022. Volvo ṣe V60 oní-dísù ìkẹyìn ní Ghent ní oṣù kejì 2024, oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì pa dísù tì pátápátá. Passat tuntun kù sí wágọ̀n nìkan, Bratislava ni wọ́n ti ń ṣe é pẹ̀lú Superb. Ìlú Ọba ní láti 2030 òun kò ní jẹ́ kí wọ́n ta ọkọ̀ tuntun tó ń mu epo lásán mọ́. Páàtì kò ní wọ́n fún ìgbà pípẹ́ ṣá o, nítorí àwọn tó wà lójú títì pọ̀ jọjọ.

Ta ló wá yẹ kó rà á báyìí? Nọ́ọ̀sì tó ń gbé Kent tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tó jìn sí ilé. Pásítọ̀ tó ń lọ láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù àti ìlù. Ẹbí tó ń gbé Leeds tàbí Manchester, níbi tí kò sí irú owó bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ ilé. Euro 5 tí ará Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ já sílẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ irú wọn ní owó pọ́ọ́kú. Kí wọ́n kàn ṣọ́ra bí wọ́n bá ń gbé e bọ̀ wá ṣe àríyá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀gànjọ́ sí ọ̀gànjọ́ ni ULEZ ń ka ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó wọlé ní ọ̀sán Sátidé tó sì fi ijó sílẹ̀ ní aago kan òru, ọjọ́ méjì ló jẹ, £25. Bí kò bá san án kí ọjọ́ kẹta tó kọjá, £180 ni ìwé tí wọn ó fi ránṣẹ́ á máa béèrè fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.